Ríra aṣọ tátáànì fún kílìtì àfọwọ́rán: yáàdì mélòó, irú èwo, kí ni kí n bi olùtajà?

AránṣọTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi rán kílìtì, aṣọ ìbàdí bíi síkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará Skọ́tílándì ń wọ̀, tó ní pílíìtì lẹ́yìn, tí iwájú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọwọ́ mi dán nínú fífi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán aṣọ, ìlànà pílíìtì rẹ̀ sì ti yé mi. Ríra tátáànì, ìyẹn aṣọ aláwọ̀ púpọ̀ tí àwọn ìlà rẹ̀ dábùú ara wọn, tí wọ́n fi ń rán an, gan-an ló dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn kan ní yáàdì 8 ni, àwọn kan ní yáàdì 4, àwọn mìíràn ní 5 tó. Olùtajà kan kọ 13 oz sára aṣọ, òmíràn kọ 400 g. Mo tún ń rí “double width” àti “kilting selvedge”. Orúkọ tátáànì kan ṣoṣo, wọ́n tà á ní “modern”, “ancient” àti “weathered”, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọra. Polyviscose (àdàlù òwú polyester àti viscose) tún wà níbẹ̀ tí owó rẹ̀ fi púpọ̀ dín sí ti wúùlù.

Ìwọ̀n rèé: ìbàdí íǹṣì 34, ìdí íǹṣì 40, láti ìbàdí dé àárín orúnkún íǹṣì 24. Tátáànì tó ń jẹ́ Black Watch ni ọkàn mi fà sí. Kí ni kí n rà, kí sì ni kí n béèrè kí n tó sanwó?

Abẹ́rẹ́Olójú

Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ yáàdì 8 àti yáàdì 4 yẹn, torí ohun kan náà ni méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ tátáànì tí wọ́n ń hun fún títà lónìí, ìbú rẹ̀ máa ń wà láàárín íǹṣì 54 sí 60. Òun ni wọ́n ń pè ní “double width”. Kílìtì ò nílò ìbú tó tóyẹn. Ẹni tó fẹ́ rán an á la aṣọ náà sí méjì ní àárín látòkè délẹ̀, á wá fi orí ọ̀kan kan orí èkejì. Yáàdì 4 tó fẹ̀ á di yáàdì 8 tó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ á sì farapamọ́ sínú pílíìtì kan. Àwọn ahunṣọ kan ṣì ń hun “single width”, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ bíi íǹṣì 27 sí 30. Tí ẹ bá ra ìyẹn, yáàdì 8 gidi lẹ ó san owó rẹ̀. Nítorí náà, bí olùtajà bá dárúkọ iye yáàdì kan, ẹ bi í léèrè ìbú rẹ̀ kíákíá.

Ohun kejì tó yẹ kó yé yín ni pé ẹ̀gbẹ́ la ń dojú aṣọ yìí kọ. Gígùn aṣọ ló ń yí ara ká. Etí aṣọ ló ń di ìsàlẹ̀ kílìtì, lórí orúnkún. Ìdí rèé tí ìbú fi ṣe pàtàkì. Kílìtì yín jẹ́ íǹṣì 24 láti ìbàdí sílẹ̀, ẹ ó fi íǹṣì 2 kún un fún apá tó gòkè kọjá ìbàdí, ó di 26. Ìdajì íǹṣì 54 jẹ́ 27, ó gbà yín, ṣùgbọ́n íǹṣì kan péré ló kù. Ẹni tó ga, tí tirẹ̀ jẹ́ 27 pẹ̀lú 2, aṣọ íǹṣì 54 tí wọ́n là sí méjì ò lè bò ó. Íǹṣì 60 ni kó wá.

Ó wá kan iye yáàdì. Yáàdì 8 kì í ṣe òfin. Ìdí ẹni àti sẹ́ẹ̀tì aṣọ ló ń sọ ọ́. Sẹ́ẹ̀tì ni odindi àwòrán tátáànì kan kó tó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, láti ibi kan títí dé ibi tí ohun kan náà gan-an ti padà yọjú.

Ẹ pín ìdí yín sí méjì: 20 fún iwájú, 20 fún pílíìtì. Bí ojú pílíìtì tó hàn síta bá jẹ́ íǹṣì 0.75, pílíìtì 27 ni yóò kún íǹṣì 20 yẹn. Ká sọ pé sẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ íǹṣì 7. Ọ̀nà méjì la lè gbà ṣẹ́ ẹ. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán tátáànì máa lọ gbọọrọ lẹ́yìn bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́ ẹ rárá, pílíìtì kọ̀ọ̀kan á jẹ odindi sẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú ojú tó hàn, ìyẹn íǹṣì 7.75. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 27, ó jẹ́ bíi íǹṣì 209. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìlà kan náà máa hàn lójú gbogbo pílíìtì, bí àwọn ọmọ ogun ṣe sábà máa ń ṣe é, sẹ́ẹ̀tì kan péré ni pílíìtì kọ̀ọ̀kan ń jẹ: 27 lọ́nà 7 jẹ́ 189.

Ẹ wá kó iwájú lé e, tó jẹ́ ìpele méjì tó gorí ara wọn. Iwájú òkè gba bíi 22, torí ó ń fẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Iwájú tó wà lábẹ́ náà gba 22. Pílíìtì jíjìn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gba 8 àti 12. Àwọn etí tí ẹ ó yí sínú àti ojú ìsopọ̀ gba bíi 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72. Nítorí náà ọ̀nà àkọ́kọ́ jẹ́ íǹṣì 281, yáàdì 7.8, èkejì jẹ́ 261, yáàdì 7.25. Ibi tí yáàdì 8 ti wá nìyẹn, fún ẹni tí ìdí rẹ̀ wà nítòsí 40.

Ẹni tí ìdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 50, tó gbára lé 8 yìí, aṣọ á tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Pílíìtì 33 ni tirẹ̀, iwájú rẹ̀ fẹ̀ sí i, àpapọ̀ rẹ̀ á lé ní yáàdì 9.

ỌmọOlófì

Àlàyé ẹ̀gbọ́n mi lókè péye. Ọ̀rọ̀ etí aṣọ ni mo fẹ́ gbé, torí ibẹ̀ ni owó àwọn tó ń rà á fún ìgbà àkọ́kọ́ ti ń ṣòfò jù.

“Kilting selvedge” ni etí tí wọ́n hun mọ́ tónítóní: òwú tó lọ ní ìbú padà wọ inú aṣọ, kò ní irun, kò nípọn ju ara aṣọ lọ, àwọ̀ tátáànì sì dé etí gan-an. Etí yìí ni kílìtì ń lò láìṣẹ́ ẹ. Aṣọ tí wọ́n hun fún kóòtù tàbí fún bíbo àga lè jẹ́ tátáànì dáadáa, kí etí rẹ̀ jẹ́ onírun tàbí kó ní ihò wínníwínní. Tí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ ó ní láti ṣẹ́ ìsàlẹ̀ kílìtì. Ẹ wo ohun tíyẹn máa fà: íǹṣì 7.75 aṣọ ló wà lẹ́yìn ojú tó jẹ́ 0.75, ìyẹn ni pé aṣọ to ara wọn ní ìpele bíi 10 káàkiri ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ṣẹ́ ìsàlẹ̀, ó di 20. Ìsàlẹ̀ á wú ju òkè lọ, pílíìtì á máa ṣí sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù ò sì ní lè tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ láé. Ẹ má kàn béèrè pé “ṣé aṣọ kílìtì ni?” Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò etí méjèèjì fún yín.

Kí ló dé tí mo fi ní méjèèjì? Tí ẹ bá la aṣọ sí méjì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní etí kan ṣoṣo. Kí etí ti èkejì lè bọ́ sísàlẹ̀, ẹ ó yí i po, kí orí rẹ̀ di ìdí. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: ṣé ojú kan náà nínú sẹ́ẹ̀tì ni etí méjèèjì parí sí? Bí etí ọ̀tún bá parí sí àárín àwọ̀ ewé, tí ti òsì parí sí búlúù, àwọn ìlà tó ń yí ara ká ò ní bára mu níbi ìsopọ̀. Fífi ìsopọ̀ pamọ́ sínú pílíìtì ò sì ní gbà yín, torí gbogbo pílíìtì tó wà lẹ́yìn ìsopọ̀ yẹn ni ìlà wọn á ga tàbí rẹlẹ̀ ju ti àwọn tó ṣáájú lọ. Ẹni tó bá jìnnà á rí i. Àtúnṣe kan ṣoṣo tó wà ni kí ẹ gbé apá kan sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ìlà yóò fi bára mu, kí ẹ wá ṣẹ́ èyí tó gùn jù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí ṣíṣẹ́ máa ń fà.

Àwọn tátáànì kan tún wà tí àwòrán wọn ò ṣe déédéé, tó jẹ́ pé bí ẹ bá kà wọ́n láti ọ̀tún sósì, ọ̀tọ̀ ni wọ́n sí òsì sọ́tùn-ún. Buchanan ni gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nínú wọn. Irú èyí, tí ẹ bá yí ìdajì kan po, àwòrán rẹ̀ á máa lọ sẹ́yìn nígbà tí ti èkejì ń lọ síwájú. Fún un, ẹ ra “single width” tó gùn tó yáàdì 8 láìsí ìsopọ̀, tàbí kí ẹ ra “double width” yáàdì 8, kí ẹ lo apá kan, kí apá kejì di kílìtì ẹlòmíràn.

Black Watch ṣe déédéé, kò ní dà yín láàmú lórí èyí. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ojú tó bá yára wò ó á rò pé láti àwọ̀ ewé kan sí àwọ̀ ewé kejì ni sẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn búlúù rẹ̀ yàtọ̀ síra wọn: nínú ọ̀kan, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà ní àárín gan-an, nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ìlà méjì méjì wà nítòsí etí ọ̀tún àti ti òsì. Àwọ̀ ewé méjì ló wà nínú odindi sẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wọn ìdajì, tó fi ṣe ìṣirò, aṣọ tó máa rà ò ní tó rárá.

AránṣọTuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún ọgbọ́n yín. Àpẹẹrẹ aṣọ méjì wà lọ́wọ́ mi báyìí, ọ̀kan jẹ́ wúùlù 13 oz, ọ̀kan jẹ́ polyviscose. Íǹṣì 4 péré ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣé mo lè fi í mọ sẹ́ẹ̀tì? Èwo ni kí n mú nínú àwọn méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi tú ọ̀rọ̀ 13 oz àti 400 g yẹn.

ÌyáAláró

Àpẹẹrẹ íǹṣì 4 ò lè sọ sẹ́ẹ̀tì íǹṣì 7 fún yín, òye àwọ̀ àti bí aṣọ ṣe rí lọ́wọ́ nìkan ló lè fún yín. Ẹ kọ̀wé sí olùtajà, kí ó fi téèpù wọn sẹ́ẹ̀tì *lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí aṣọ*, kì í ṣe ní ìbú. Àwòrán tó gùn ní íǹṣì 7 lọ́nà gígùn lè jẹ́ 6.75 lọ́nà ìbú, torí òwú ọ̀nà méjèèjì kì í há mọ́ra bákan náà. Gígùn ló ń wọ inú pílíìtì, òun ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Oz yẹn (áúnsì), ìwúwo yáàdì kan aṣọ tó fẹ̀ ni. 10 sí 11 fúyẹ́, 13 wà ní àárín, 16 wúwo, ti àwọn ọmọ ogun tiẹ̀ ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi gíráàmù kọ ọ́, ti mítà kan ni: 13 oz fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 400 g, 16 oz fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 500 g, 11 oz jẹ́ bíi 340 g. Ẹ kíyè sí i o: àwọn olùtajà aṣọ lásán máa ń kọ gíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin. Aṣọ 400 g tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5 máa di bíi 267 g lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá rí “270 g”, tí ẹ sì sá fún un pé ó fúyẹ́ jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 13 oz gan-an tí ẹ ń wá ni.

Lórí wúùlù àti polyviscose, èrò mi rèé. Wúùlù tí wọ́n ń lò fún kílìtì kì í ṣe onírun rírọ̀ bíi ti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti ya irun rẹ̀ kó gùn kó sì tẹ́, wọ́n wá lọ́ ọ dáadáa, ojú rẹ̀ sì mọ́. Ó ń gbọ́ràn sí áyọ́ọ̀nù àti oru omi lẹ́nu. Kílìtì máa ń fún ní ìbàdí, ó máa ń fẹ̀ ní ìdí, oru sì lè mú kí wúùlù sún kì níbi tó bá ti wú díẹ̀. Polyviscose ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá ṣe rán an ló máa wà, gbogbo àṣìṣe abẹ́rẹ́ ló máa hàn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, kòkòrò tó ń jẹ wúùlù kì í jẹ ẹ́, ó sì dára fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba wúùlù. Marton Mills ní Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń hun èyí tó dára. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ má ṣe gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e ní tààrà, á máa dán gbinrin. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú sáàárín.

Fún kílìtì àkọ́kọ́ yín, 13 oz wúùlù ni mo máa gbà yín níyànjú. 16 oz ló ń fì dáadáa jù bí ènìyàn bá ń rìn, ṣùgbọ́n ó nípọn lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì ń mú ooru. 10 oz rọrùn láti rán, àmọ́ pílíìtì rẹ̀ kì í dúró pẹ́, atẹ́gùn sì ń gbé e. Acrylic ni kí ẹ sá fún pátápátá. Ó jọ wúùlù nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n pílíìtì rẹ̀ á tú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa yọ kókó wẹ́wẹ́.

Tí ohun tí wọ́n tà fún yín bá ń kọ yín lóminú, ẹ fa òwú díẹ̀ yọ lára àpẹẹrẹ náà, kí ẹ dáná sí i lórí àwo irin. Wúùlù ń rùn bí irun tó jó, ó ń kú fúnra rẹ̀ bí iná bá kúrò, eérú rẹ̀ sì ń fọ́ lọ́wọ́. Èyí tó bá yọ́, tó sì gan di kóró líle, oníke wà nínú rẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ti àwọ̀. “Ancient” ò túmọ̀ sí pé tátáànì náà ti pẹ́. “Modern” ni àwọ̀ tó kì, tó dúdú, bí aró kẹ́míkà tó dé ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ṣe ń yọ; “ancient” ni àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, tó fara jọ aró ewé àti egbò igi; “weathered” ni èyí tó dà bíi pé oòrùn àti òjò ti pa á, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ilẹ̀. Àwòrán kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye òwú kan náà. Ní ti Black Watch, “modern” dúdú débi pé ìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lójìnnà. Ìyẹn á bo àṣìṣe kékeré nínú pílíìtì mọ́lẹ̀, àmọ́ á tún mú kí ojú rẹ yín nígbà tí ẹ bá ń tọ ìlà lálẹ́. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tó le nínú àwọ̀ ni pé ahunṣọ kọ̀ọ̀kan ní aró tirẹ̀. Lochcarron ní Selkirk, House of Edgar ní Perth, Strathmore ní Forfar, orúkọ kan náà ni wọ́n lè kọ sára aṣọ, kí àwọ̀ ewé wọn yàtọ̀, kí sẹ́ẹ̀tì wọn náà sì yàtọ̀ ní ìwọ̀n. Kódà lọ́wọ́ ahunṣọ kan ṣoṣo, òwú tí wọ́n pa láró lóṣù yìí lè má bá ti oṣù tó kọjá dọ́gba. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ ra gbogbo aṣọ yín, kó jẹ́ láti inú ìdì kan náà. Ẹ má ra yáàdì 3 pé ẹ ó padà wá ra èyí tó kù.

Tí ẹ bá fẹ́ yẹ tátáànì kan wò kí ẹ tó rà á, àkọsílẹ̀ ìjọba kan wà fún un, Scottish Register of Tartans, tí òfin ọdún 2008 dá sílẹ̀, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí àwòrán rẹ̀ àti bóyá wọ́n fi ìdíwọ́ sí i. Balmoral, bí àpẹẹrẹ, ti ìdílé ọba ni. Black Watch ò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní 1739, tátáànì wọn sì ti di èyí tí ẹnikẹ́ni ń wọ̀ kárí ayé.

AránṣọTuntun

Ó ti ń yé mi. Olùtajà ní sẹ́ẹ̀tì wúùlù yẹn jẹ́ íǹṣì 7, ìbú aṣọ íǹṣì 58, etí méjèèjì mọ́, wọ́n sì parí sí ojú kan náà. Ṣé kí n ra yáàdì 4 gééré? Tí n bá wá rí tátáànì mìíràn tó wù mí, tí sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré tàbí tóbi ju èyí lọ ńkọ́?

Abẹ́rẹ́Olójú

Ẹ má ra 4 gééré. Yáàdì 4.25 ni kí ẹ rà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ so apá méjèèjì pọ̀, ẹ ò ní kàn fi orí kan orí. Ẹ ó wá ibi tí àwòrán ti bára mu, ẹ ó sì gé èyí tó lé. Ó lè tó odindi sẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ máa pàdánù. Ìṣirò yín jẹ́ 281, ẹ fi 7 kún un, ó di 288, yáàdì 8 géérégé. Aṣọ tí wọ́n bá wá fi ṣọ́ọ́sì gé ní wọ́rọ́wọ́rọ́ nílé ìtajà ti pa íǹṣì kan tàbí méjì yín. Kóòtà yáàdì tó fẹ̀ ń fún yín ní íǹṣì 18 nínú tẹ́ẹ́rẹ́, ọkàn yín á balẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ṣe àwọn ojú aṣọ kékeré tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá, kí ẹ sì tọ́jú ìyókù fún àtúnṣe.

Bí sẹ́ẹ̀tì bá kéré, ká ní íǹṣì 3.5, pílíìtì tó bá jẹ sẹ́ẹ̀tì kan péré ò ní jìn ju íǹṣì 1.75 lọ. Irú pílíìtì bẹ́ẹ̀ kì í fì, ńṣe ló máa ń gan síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pílíìtì kọ̀ọ̀kan jẹ sẹ́ẹ̀tì méjì, ìṣirò yín á padà sí ti àtẹ̀yìnwá.

Èyí tó tóbi ló ń dáni lójú rú. Sẹ́ẹ̀tì íǹṣì 10, pílíìtì 27, tí àwòrán yóò máa lọ gbọọrọ: íǹṣì 290 fún pílíìtì nìkan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yáàdì 10. Ṣùgbọ́n ẹ lè dín pílíìtì kù sí 20, kí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan di íǹṣì 1. 20 lọ́nà 11 jẹ́ 220, ẹ kó 72 lé e, ó di 292, ó lé díẹ̀ ní yáàdì 8. Lójú tèmi, kí pílíìtì fẹ̀ díẹ̀ sàn ju kí ẹ gé ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kù lọ, torí ìjìnlẹ̀ ló ń mú kílìtì fì.

Kílìtì yáàdì 5 náà wà, tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́. Íǹṣì 180 ni, ẹ yọ 72 fún iwájú, ó ku 108. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ ní ìlà kan náà pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì 7, pílíìtì 15 ni, ojú rẹ̀ á fẹ̀ tó bíi 1.33. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré. Ìyẹn ni àwọn tó sọ 5 fún yín ní lọ́kàn, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa.

ỌmọOlófì

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìgbà tí aṣọ bá dé kún un, torí bí ṣọ́ọ́sì bá ti wọ̀ ọ́, olùtajà ò ní gbà á padà mọ́.

Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí méjèèjì, kì í ṣe etí kan. Ẹ wọn sẹ́ẹ̀tì ní ibi mẹ́ta: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, ìparí. Bí ó bá jẹ́ 7 níbí, tó jẹ́ 6.75 lọ́hùn-ún, pílíìtì yín á máa sún kúrò lójú ìlà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì ní láti máa tọ ìlà ara aṣọ dípò téèpù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé onígun ìwé kan tó gún régé lé etí aṣọ, kí ẹ wo bóyá ìlà tó lọ ní ìbú dúró ṣánṣán. Aṣọ tó ti wọ́ lára ẹ̀rọ, ìlà rẹ̀ máa ń dagun. Bí ó bá wọ́ díẹ̀, ẹni méjì lè fà á ní kọ̀rọ̀ sí kọ̀rọ̀, kí wọ́n fi oru omi tẹ̀ ẹ́ padà. Bí ó bá wọ́ tó íǹṣì kan láàárín ìbú náà, ẹ dá a padà, torí pílíìtì tí ìlà rẹ̀ dagun ò ní dúró lóòró láéláé. Ẹ tún wo ojú rẹ̀ fún òwú tó já tàbí kókó. Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi òwú funfun sàmì sí i, ẹ lè gbé e sínú pílíìtì nígbà tó bá yá.

Ẹ má fọ wúùlù náà kí ẹ tó rán an. Ilé ahunṣọ ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Oru áyọ́ọ̀nù tó. Polyviscose náà ò nílò ìfọ̀ ṣáájú.

Ní ọjọ́ tí ẹ ó bá là á, ẹ má ṣe ya á lọ́wọ́ bí aṣọ òwú. Ẹ wá òwú kan tó lọ ní gígùn láàárín, ẹ tọ ọ́ pẹ̀lú ṣọ́ọ́sì tó mú. Ẹ kíyè sí i pé àárín ìbú kọ́ ló pọn dandan: 58 fún yín ní 29 àti 29, ẹ sì nílò 26. Apá òkè tó lé lẹ ó gé kúrò níkẹyìn, ẹ má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀.

ÌyáAláró

Nígbà tí ẹ bá ń kó ìyókù jọ: yáàdì kan aṣọ òwú tó ki fún láínìn, káńfáàsì tí wọ́n fi irun ẹṣin hun fún àárín, tí ẹ ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán mọ́ ọn. Kì í ṣe sítéè tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń tú lábẹ́ oru tí kílìtì ń gbà ní gbogbo ìgbà. Okùn awọ mẹ́ta pẹ̀lú bọ́kù mẹ́ta, méjì ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Òwú ìránṣọ ní àwọ̀ tó bá pọ̀ jù lójú pílíìtì yín mu. Fún Black Watch “modern”, búlúù tó ṣú dáadáa ni, òwú dúdú gan-an sì máa ń hàn lára àwọ̀ ewé rẹ̀, nítorí náà ẹ gbé òwú náà lé aṣọ lójú oòrùn kí ẹ tó rà á. Òwú funfun fún tító pílíìtì fún ìgbà díẹ̀, ẹ má fi òwú aláró ṣe é, aró rẹ̀ lè wọ aṣọ bí oru bá kàn án.